Ẹja Pupa Tí Bọ̀dá Àgbà Gbé Wá

Nígbà tí orúnkún Màmá kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn mọ́, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé wa ní Pópó Àgùdà, òkè sì ni fèrèsé rere wà. Láti òkè, Màmá máa ń rí ẹni tó ń lọ sí Máàsì, ẹni tó ń ti Ìdúmàgbò bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lójúde. Ní ìsàlẹ̀, ògiri ilé kejì ni fèrèsé kọjú sí. Màmá á jókòó, wọ́n á máa wo ògiri. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri yìí, mo ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ gbé àpótí dígí ńlá wá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àwọn ìgò kéékèèké ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń kà á lórí fóònù, mo ń fi ojú wò ó, èyí tó bá kú á kọ́ mi ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó kúrò ní Màrínà ló fẹ́ ju àpótí náà nù. Bí mo bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ sínú rẹ̀, yóò gbà mí, yóò sì kù. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọ àdúgbò wa lọ́sàn-án gangan. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé wa sì dìde, ó ṣí fìlà orí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú àdánù o. Ta ló kú?"

Màmá dá a lóhùn láti inú pálọ̀: "Èmi kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè kọjá."

Bí Màmá bá ṣì wà lókè ni, mi ò bá tí lè gbé nǹkan náà dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pákó ni ilẹ̀ òkè ilé wa. Omi wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì omi kan rí mọ̀ bó ṣe ń tẹ ọrùn, àpótí yẹn sì ń gba kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀ ju èyí tí mẹ́ruwà ń kó sórí ọmọlanke lẹ́ẹ̀kan lọ. Orí sìmẹ́ńtì ni mo gbé e kà, mo fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ìdí rẹ̀ kí dígí má baà sán, mo sì kọjú rẹ̀ sí àga Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yan ẹja, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi àwọ̀ ra ẹja. Wọ́n á rí pupa, wọ́n á rí búlúù, wọ́n á ní kí oníṣòwò di gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rá kan. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ló kù, ikùn rẹ̀ á sì yọ. Èmi, omi ni mo kọ́kọ́ wò. Kànga ilé wa súnmọ́ ọ̀sà. Iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, omi náà sì le, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kan wà tó ní ìlà búlúù tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iná. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi rírọ̀ ló ń gbé, nínú omi wa ńṣe ni yóò máa rù títí yóò fi kú. Mo dúró níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù títí, mo sì fi í sílẹ̀.

Gọ́ọ̀pì ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí omi líle bá a lára mu, ìrù àwọn akọ rẹ̀ sì dà bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú aró oríṣiríṣi. Fún akọ kọ̀ọ̀kan, abo mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn akọ ò ní jẹ́ kí abo kan sinmi. Mo mú mọ́lì dúdú, tí ara rẹ̀ dà bí aṣọ àrán. Mo mú ẹja onírù-idà, tí etí ìrù akọ rẹ̀ gùn jáde ṣóńṣó bí idà. Fún ìsàlẹ̀ omi, mo mú ẹja kékeré onírùngbọ̀n tó máa ń fi ẹnu túlẹ̀ kiri láàárín yanrìn, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan. Òfin kan ni mo fi ń yan gbogbo wọn: ẹja kì í mọ ọ̀tá, ìwọ̀n ẹnu ló mọ̀. Ohun tó bá wọ ẹnu, oúnjẹ ni. Nítorí náà, mi ò mú èyí tó tóbi jù, mi ò sì mú èyí tó kéré jù. Kí n tó ra ọ̀kan, màá dúró wò ó. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń lé ẹnìkejì rẹ̀? Ṣé ó fara pamọ́ síbì kan? Oníṣòwò á máa kùn pé, "Àǹtí, ẹja lẹ fẹ́ rà ni àbí ọkọ?"

Èyí tí mo mú kẹ́yìn ni ẹja tí wọ́n ń pè ní áńgẹ́lì. Pẹlẹbẹ ni, ó ga ju bó ṣe gùn lọ, funfun ni pẹ̀lú ìlà dúdú lóòró, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Màmá wò ó nígbà tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò níbi tó ń kánjú lọ.

Wọ́n ní, "Sístà rèé."

Lóòótọ́ ni. Ó rí bí àwọn Sístà Ìjọ Àgùdà tó kọ́ Màmá níwèé nígbà èwe, aṣọ funfun, aṣọ dúdú, tí wọ́n ń rìn bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Sístà ni gbogbo ilé ń pè é.

Ara Màmá yá. Wọn ò wo ògiri mọ́. Wọ́n mọ mọ́lì tó jẹ́ wọ̀bìà, wọ́n á máa bá a wí bí wọ́n ṣe máa ń bá wa wí ní kékeré: "Ìwọ, o ti jẹun, jẹ́ kí ẹlòmíì náà jẹ." Bí iná bá lọ, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́, wọ́n á pè mí kí n wá so ó mọ́ bátìrì. Láàárọ̀, wọ́n á fi òrùka ìgbéyàwó wọn kan dígí lẹ́ẹ̀kan péré, Sístà á sì wá dúró síwájú wọn. Ẹja máa ń mọ ẹni tó ń bọ́ ọ. Màmá ò gba àlàyé yẹn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní Sístà ń kí àwọn ni.

Màmá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Àgbà. Olówógbowó ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa, tí Bọ̀dá Àgbà fẹ́ kí ẹbí tà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí Màmá sì ní ó di ẹ̀yìn ikú òun, ti ba àárín wọn jẹ́. Ó pẹ́ tí wọn ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, apá ọ̀tún ni Bọ̀dá Àgbà ń jókòó, apá òsì ni Màmá. Bí àlùfáà bá ní kí a kí ara wa ní àlàáfíà, àwọn méjèèjì á kí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn.

Ó wá di ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn Máàsì, mo gbọ́ ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀dá Àgbà ni. Ọ̀rá olómi kan wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n gbé sókè bí ẹni gbé àtùpà.

Màmá ò lè dìde. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀."

Bọ̀dá Àgbà ní, "Mo gbọ́ pé o ń tọ́jú ẹja."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo Pópó ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní o ò wá sí Máàsì mọ́, pé àwọn ẹja lò ń bá ka Rósárì."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn. Bọ̀dá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì na ọ̀rá náà sí mi. "Mo rà á ní Ìdúmàgbò. Mo ní kí ọkùnrin náà fún mi ní èyí tó rẹwà jù lọ, fún àbúrò mi."

Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó gbà á. Ó pupa bí ata tó gbó dáadáa, àmì búlúù wẹ́wẹ́ sì wọ́n sí gbogbo ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Inú odò kéékèèké ilẹ̀ wa ló ti wá. Ẹbí kan náà ni òun àti èpìyà, ẹbí kan náà ni òun àti Sístà pàápàá. Nínú gbogbo ẹja kékeré tí mo mọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó rẹwà tó o, kò sì sí èyí tó burú tó o láti fi sáàárín ẹja jẹ́jẹ́. Yóò yan ibì kan, yóò gbẹ́ yanrìn ibẹ̀, yóò pè é ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò máa fẹ ilẹ̀ rẹ̀ lójú títí kò fi ní sí àyè fún ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi í sínú báàfù fún ọjọ́ díẹ̀."

"Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá, sà. Àlejò ni, a máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ná."

Bọ̀dá Àgbà wo Màmá. "Báàfù ni wọ́n fi ń gba àlejò nílé yìí báyìí?"

Màmá ò wò mí. Wọ́n ní, "Gbé e sínú omi."

Nílé wa, ohun tí àgbà bá fún ọ, ọwọ́ méjì lo fi ń gbà á, kì í sì í tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ, ó gbọ́dọ̀ rí i lára rẹ. Bó bá jẹ́ àwo, inú rẹ̀ lo máa bu oúnjẹ sí fún un nígbà tó bá tún wá, bí a ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú àwo tí Bọ̀dá Àgbà fún wa kí ìjà tó dé. Ẹ̀bùn tí a gbé pamọ́, a ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹja pupa yìí kì í sì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá Àgbà ò lè fi ẹnu sọ fún àbúrò wọn láti ọjọ́ yìí ni. Mo gbé ọ̀rá náà léfòó lójú omi kí ooru méjèèjì lè dọ́gba, bó ṣe yẹ ká ṣe é. Lẹ́yìn náà mo tú u.

Nígbà tí Bọ̀dá Àgbà lọ tán, mo jókòó ti Màmá, mo sì sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní gọ́ọ̀pì ni yóò kọ́kọ́ lọ, nítorí ìrù wọn. Lẹ́yìn náà onírù-idà. Mo ní Sístà ò lè sáré. Màmá gbọ́ mi títí mo fi parí.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá."

Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo bọ́ ẹja pupa náà ní àbọ́yó kó má baà wo ẹlòmíràn. Mo tún òkúta àti igi inú omi tò kí ibi tó ti gbà má ṣe dá a lójú mọ́. Èyí máa ń rọ̀ wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ó gba ibòmíràn. Mo kó àwọn gọ́ọ̀pì tó kù, tí ìrù wọn ti dà bí àkísà, sínú àwọn ìgò mi. Mo gé dígí kan, mo fi dá àpótí sí méjì, ẹja pupa lápá kan, àwọn tó kù lápá kejì. Nígbà tí Bọ̀dá Àgbà rí i, wọ́n bi mí pé kí ni ẹja náà jí tí mo fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ìrẹsì tí mo bù fún wọn tán. Màmá ní kí n yọ dígí náà kúrò.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Bọ̀dá Àgbà kì í wá àyàfi ọjọ́ Sunday. Bí wọ́n bá ti lọ, màá gbé ẹja pupa sínú báàfù ní ilé ìdáná, màá fi pákó bò ó. Bó bá di àárọ̀ Sunday, màá dá a padà. Màmá mọ̀ sí i. Fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, àlàáfíà wà. Sístà tún ń wá bí wọ́n bá kan dígí.

Ohun tí mi ò rò ni pé bí àárín wọn ṣe ń dára sí i, Bọ̀dá Àgbà ò ní máa dúró de Sunday mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Wednesday kan ni wọ́n yọ sí wa pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Wọ́n jókòó, wọ́n wo àpótí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹja mi dà?"

Màmá ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó sẹ́yìn dáadáa ná."

"Mo jókòó. Ẹja mi dà?"

Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo gbé báàfù wá. Bọ̀dá Àgbà ṣí pákó, wọ́n wo ẹja náà nínú omi tí kò jìn, tó ń pa ìrù dà láìsí ibi tó lè lọ. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú. Wọ́n rọra fi pákó bò ó padà, wọ́n bá Màmá sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú ọ̀pá wọn. Bọ̀ọ̀lì náà wà lórí tábìlì nínú pépà, kò sẹ́ni tó tú u.

Sunday tó tẹ̀lé e, Màmá ní kí n yí àga àwọn sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí àwọn tó lọ sí Máàsì kẹ́yìn fi wọlé tán, Bọ̀dá Àgbà ò yọjú. Wọ́n ní kí n dá ẹja náà padà sínú àpótí, kí n sì lọ bẹ ẹ̀gbọ́n àwọn.

Mo lọ sí Olówógbowó. Mo kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà yàrá Bọ̀dá Àgbà.

Wọ́n ní, "Dìde jàre. Ṣé mo bínú ni? Ẹja ni mo gbé wá, mi ò gbé ejò wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìwà rẹ̀ ló le díẹ̀, sà. Ó ń lé àwọn tó kù."

"Ìwọ tí wọ́n ní o mọ ẹja tó báyìí, o ò lè kọ́ ọ níwà?"

Mo ní, "Màá gbìyànjú, sà."

Bọ̀dá Àgbà padà wá, Màmá sì tún rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, mi ò gbé e kúrò mọ́. Àwọn onírùngbọ̀n fara pamọ́ sábẹ́ igi, wọn ò jáde wá jẹun mọ́. Àwọn onírù-idà ń fò jáde nínú omi, mo ń bá wọn lórí sìmẹ́ńtì. Mo kó ìwọ̀nba tí mo lè kó sínú ìgò, ṣùgbọ́n Sístà ga, kò sí ìgò tó gbà á. Nígbà tí ẹja pupa jẹ ìyẹ́ òkè rẹ̀ já, mo gbé e sínú báàfù, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nínú omi tí kò jìn, ẹja tó ga bẹ́ẹ̀ á máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Màmá ní kí n gbé báàfù wá sẹ́bàá àga àwọn. Wọ́n tẹ̀ síwájú láti wò ó, ṣùgbọ́n láti òkè, Sístà ò ju ìlà tín-ínrín kan lọ.

Wọ́n ní, "Mi ò rí i."

Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ Saturday, ojú wa méjèèjì ló ṣe. Mo sin ín sí ìdí kànga. Màmá ò sunkún. Wọ́n ní kí n fọ báàfù náà dáadáa, kí n gbé e kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ̀gbọ́n àwọn má baà kọlù ú lọ́la.

Bọ̀dá Àgbà dé lẹ́yìn Máàsì, wọ́n jókòó sí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Wọ́n wo inú omi. Ẹja pupa ń lọ, ó ń bọ̀ láti orígun kan sí èkejì, àwọ̀ rẹ̀ ti jinlẹ̀ sí i, àwọn àmì búlúù ń tàn. Mi ò lè sọ pé kò lẹ́wà.

Wọ́n ní, "Pẹlẹbẹ yẹn dà? Sístà yín?"

Màmá ní, "Ó kú lánàá. Ọjọ́ orí ni, Bọ̀dá."

Bọ̀dá Àgbà yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo mọ ẹja. "Ọjọ́ orí?"

Áńgẹ́lì lè gbé tó ọdún mẹ́wàá bí omi rẹ̀ bá mọ́. Ti Sístà ò tíì pé ọdún méjì. Mo wo Màmá. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, òrùka wọn ń dán díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àpótí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọjọ́ orí ni."

"Ẹ̀yà. Ó wá ku òun nìkan." Wọ́n rò ó díẹ̀. "Kò dáa kó dá wà bẹ́ẹ̀. Màá tún bá a wá ẹnìkejì, kí wọ́n jọ máa ṣeré."

Akọ àti abo irú ẹja yìí, bí wọ́n bá ti bára wọn ṣọ̀rẹ́ tí wọ́n sì yé ẹyin, kò sí ohun abẹ̀mí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú omi. Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Màmá ti ń dáhùn.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ọlọ́run á dá yín sí."

Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi òrùka kan dígí lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láàárọ̀. Ẹja pupa náà yíjú padà láti orígun, ó wá dúró síwájú wọn.

Bọ̀dá Àgbà ní, "Ṣé o rí i? Ó ti mọ̀ ọ́."

Mo dìde lọ bu oúnjẹ fún wọn, inú àwo tí wọ́n fún wa.